Ilẹ̀kùn Méjì Lára Lọ́rì Idẹ

"Kí lo máa fi gé e?"

"Sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé páànù ni, Àlàájà."

"Kò ní mú un ká?"

"Tó bá ká, màá fi òòlù tẹ́ ẹ."

"Ilẹ̀kùn méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣí, Akínbíyì. Tọwọ́ òsì, tọwọ́ ọ̀tún."

"Àlàájà, ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́? Gbogbo lọ́rì yìí ò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ."

"Ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ kọ́ ni mò ń sọ."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì kan lọ́dún 2004, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ọjà Kétu. Mi ò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà á látìgbà náà.

Ilé kéékèèké ni Akínbíyì máa ń ṣe fún àwọn ayàwòrán ilé ní Ògùdù, kí oníbàárà wọn lè fojú rí ilé kó tó kọ́ ọ. Páálí ló fi ń ṣe ògiri, idẹ pẹlẹbẹ ló fi ń ṣe géètì àti irin ojú fèrèsé. Kò ṣe lọ́rì rí. Ṣùgbọ́n Àlàájà Bàrákátù, tó ń ta tàtàṣé ní Mile 12, mú fọ́tò lọ́rì ọkọ rẹ̀ wá, ó ní kó fi idẹ ṣe irú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùkúrù ọkọ rẹ̀ ló ń wa lọ́rì náà, Junaid àbúrò Àlàájà ló sì máa ń jókòó tì í. Òkè Ọya ni wọ́n lọ kó tàtàṣé. Ogójì ọjọ́ ti kọjá. Kò sẹ́ni tó gbúròó wọn, kò sẹ́ni tó rí lọ́rì. Akínbíyì kò bi í pé kí ló fẹ́ fi èyí ṣe. Ojú obìnrin náà kò gba ìbéèrè.

Gbogbo ara lọ́rì ti parí, ilẹ̀kùn ló kù. Akínbíyì mọ ohun tó tọ́. Ayùn àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ló yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Abẹ rẹ̀ tín-ín-rín bí irun, ó máa ń gé idẹ láì tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀, abẹ náà sì tètè ń kán. Ẹyọ kan péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì yá, ó mú sísọ́ọ̀sì. Bó ṣe ń gé idẹ náà ló ń jẹ ẹ́ létí, tó ń mú un ká. Òòlù ò tẹ́ ẹ tán. Nígbà tí ilẹ̀kùn méjèèjì kọ̀ láti wọ àyè wọn, ó fi góòmù lẹ̀ wọ́n mọ́ ara lọ́rì pinpin. Ó ní, ta ló máa ṣí i?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì wúkọ́, ó kú. Gbogbo àdúgbò pa rọ́rọ́.

Kó. Kó. Kó.

Ó rò pé eku ni. Ó gbé páálí, ó gbé agolo góòmù. Kò sí eku. Ó tẹ́tí. Orí tábìlì ni. Ó fi ìka kan lọ́rì náà. Ó tutù bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú odò jáde.

Kó.

Inú ni wọ́n ti ń kàn án. Lọ́wọ́ òsì, níbi tí awakọ̀ ń jókòó.

Kò sá. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ ìdí tí kò fi sá. Ó tan àbẹ́là, ó mú ayùn. Bó ṣe ń gé etí ilẹ̀kùn òsì lọ ni ìró náà ń tẹ̀ lé abẹ ayùn láti inú. Igun kìíní. Igun kejì. Igun kẹta. Ní igun kẹrin, abẹ kán.

Ìró náà yára. Ó yára bíi tẹni tí èémí ń tán lọ.

Sísọ́ọ̀sì wà nítòsí. Ó kì í bọ igun tó kù, ó pa á dé. Ilẹ̀kùn já bọ́. Ibẹ̀ dákẹ́. Omi kán sórí tábìlì, ẹ̀kán kan ṣoṣo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àlàájà Bàrákátù dé. Ó ní Ṣùkúrù kanlẹ̀kùn kí wọ́n tó pe ìrun àsùbá. Ó ní aṣọ rẹ̀ tutù, kò sì tíì sọ ibi tó ti ń bọ̀. Akínbíyì kí i kú oríire.

"Èjìká rẹ̀," Àlàájà wí. "Tòsì. Ó ká."

"Ó ká báwo?"

"Bí etí ìwé. Kò sí egbò. Kò sí ẹ̀jẹ̀."

Àlàájà mú ilẹ̀kùn kékeré náà lórí tábìlì. Ó fi ìka tọ etí rẹ̀: igun kìíní, igun kejì, igun kẹta. Ó dé ìkẹrin, níbi tí sísọ́ọ̀sì ti jẹ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Kó.

Ó rọra dún. Ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún ni. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ.

"Abẹ ti tán, Àlàájà," Akínbíyì wí. "Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti ń tà á. Òní sì ni ọjọ́ Àìkú."

Kó.

Àlàájà wo lọ́rì náà. Ó wo Akínbíyì. Ó nawọ́ mú sísọ́ọ̀sì, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà lọ.

"Ayùn ni kó o fi gé ti Junaid. Títí dé igun tó kẹ́yìn."