Sọ́kẹ́ẹ̀tì Kan, Fóònù Méjì

“Fóònù tí ẹ ń wò yìí, èmi fúnra mi ni mo jù ú sílẹ̀ láti orí ilé tó ga jù ní Dubai. Kó tó délẹ̀, mo ti jẹun, mo ti sun oorun díẹ̀, mo sì ti sọ̀ kalẹ̀ wá dúró dè é. Ó balẹ̀, ó fò sókè, ó wọ àpò mi, ó ní, ‘Ọ̀gá, wọ́n pè yín, ẹ ò sí nílé.’ ”

Bí Kàfáyàt ṣe kọ́kọ́ rí Mùráínà nìyẹn, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, nínú ṣọ́ọ̀bù fóònù kan ní àdúgbò Naif ní Dubai, níbi tí èrò ti pọ̀ débi pé bí ẹnì kan bá sín, ẹni mẹ́ta ló máa nu imú. Ọkùnrin náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òpó iná, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun báláú, ojú rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu tó bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é sí ọ̀rọ̀. Kàfáyàt àti ará Íńdíà tó ni ṣọ́ọ̀bù ló ń dúnàádúrà wọn jẹ́ẹ́jẹ́, fóònù méjì sì wà lórí gíláàsì láàárín wọn, Tuvo dúdú àti Rexa aláwọ̀ ewé. Iye kan náà ni wọ́n ń ta méjèèjì.

Ohun tó gbé Kàfáyàt dé Naif kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Fóònù rẹ̀ àtijọ́ ti já sínú korobá omi ìfọlẹ̀ ní iléèwé tó ti ń ṣe ìmọ́tótó ní Sharjah. Kọ́ńtíráàkì rẹ̀ máa parí nígbẹ̀yìn oṣù, àwọn tó gbà á síṣẹ́ sì ti sọ pé àwọn ò ní tún un ṣe. Bí kò bá rí iṣẹ́ mìíràn, visa tán, ó di Ìsẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Silicon Oasis, ní Dubai, ń wá ẹni tí yóò máa jókòó gba àlejò. Wọ́n ní àwọn máa bá a sọ̀rọ̀ lórí fídíò ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Fóònù tó bá rà lónìí ló máa gbé e dé iwájú wọn.

Ọlọ́jà náà ṣàlàyé dáadáa, kò fi nǹkan pamọ́. Ó ní bátìrì Tuvo tóbi, ọjọ́ méjì gbáko ló máa lò, àmọ́ bí èèyàn bá fẹ́ kó kún, àfi kó wà lẹ́nu iná fún wákàtí márùn-ún. Rexa ò lè lò ju ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n ogójì ìṣẹ́jú péré, ó ti kún dẹ́nu.

Mùráínà ju ọwọ́ dànù. Ó ní ta ló ń ka wákàtí. Ó ní òun mọ Tuvo kan tí wọ́n gbàgbé sínú àga ní Al Quoz fún ọdún mẹ́ta, ọjọ́ tí wọ́n rí i, fóònù náà ló bi wọ́n léèrè bóyá oúnjẹ ti jinná.

Kàfáyàt béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí niṣẹ́ yín gan-an?”

“Ẹnjiníà fóònù ni mí, Àǹtí. Al Quoz ni ọ́fíìsì mi. Fóònù ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ló ń sùn níwájú mi lójoojúmọ́.”

Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí Kàfáyàt ti rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀rín náà ló sì gba ìrònú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú Tuvo.

Mùráínà sìn ín dé ibùdókọ̀ Union, ó gbé láílọ́ọ̀nù fóònù náà bí ẹni gbé ẹyin. Ó ní òun ti bá bọ́ọ̀sì Sharjah sáré rí, òun ló ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn èrò nígbà tí wọ́n dé. Kàfáyàt ní kí ló dé tí kò sáré lónìí. Ó ní tí òun bá sáré, ta ni yóò bá Àǹtí sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tó gba nọ́ńbà rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ló kọ ọ́ sí. Ó ní fóònù òun pọ̀ jù, òun ò mọ èyí tí òun máa kọ ọ́ sí nínú wọn.

Yàrá tí Kàfáyàt ń gbé ní Rolla, ní Sharjah, obìnrin mẹ́jọ ló ń sùn níbẹ̀, ibùsùn mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní bedspace, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Onílé ti ka wáyà onísọ́kẹ́ẹ̀tì púpọ̀ léèwọ̀ láti ọjọ́ tí yàrá kejì gbiná. Ìyá yàrá, Àǹtí Yéwándé, ló lẹ ìwé mọ́ ògiri, orúkọ gbogbo wọn wà níbẹ̀ àti wákàtí tí kálukú máa fi gba iná. Aago márùn-ún sí mẹ́fà ìdájí ni ti Kàfáyàt. Bí aago mẹ́fà bá ti lù, ọwọ́ ẹlòmíràn ti wà lórí wáyà. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan kún tirẹ̀, ìjà tó máa ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá Dubai àti ti Sharjah lè má tó láti là á.

Wákàtí kan lójúmọ́ kò tó Tuvo bọ́jú. Bátìrì tóbi lóòótọ́, àmọ́ bí ìkòkò ńlá tí wọ́n ń fi ṣíbí rọ omi sí ni. Mùráínà tún ń pe Kàfáyàt láràárọ̀ àti lálaalẹ́, àpárá rẹ̀ ń jẹ bátìrì bí ikán. Kàfáyàt ń rí i pé ó ń lọ sílẹ̀, àmọ́ kò lè ní kó má pè mọ́. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, ó ti ń sọ “o” fún un, òun náà ti ń sọ “o” padà.

Ní Ọjọ́bọ̀, àyè ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀gá iṣẹ́ fún un. Yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí ni Kàfáyàt wọ̀, kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Fídíò náà mọ́, obìnrin tó ń bi í léèrè sì ń ṣe dáadáa sí i. Ó bi í pé, “Bí oníbàárà kan bá wọlé tó ń bínú, kí lẹ máa ṣe?”

Kàfáyàt la ẹnu. Fóònù náà kú.

Nínú gíláàsì dúdú yẹn, ojú ara rẹ̀ ló rí, àti àwọn ìgbálẹ̀ tó tò lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn tí fóònù tún gba iná lọ́jọ́ kejì, ó bá àtẹ̀jíṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ó dàárọ̀.

Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ nìyẹn. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Al Quoz láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ń béèrè ilé ẹrù tí Mùráínà ti dárúkọ fún un. Ẹnu géètì ló ti rí i, nínú yúnífọ́ọ̀mù àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì, fìlà wà lórí, ó jókòó ti tábìlì kékeré kan. Fóònù onítẹ́tẹ̀ kékeré kan, onítọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n fi rọ́bà so lára, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́.”

Mùráínà dìde, ó fi fóònù náà pamọ́ sẹ́yìn. Etí rẹ̀ gbọ́ “ẹ” tó padà wá yẹn, ó sì dùn ún ju èébú lọ.

“Èwo lẹ jù láti orí ilé?” Kàfáyàt béèrè. “Ṣé èyí tó wà lẹ́yìn yín yẹn ni?”

Mùráínà bọ́ fìlà rẹ̀ sọ́wọ́. Kàfáyàt ò pariwo. Ó sọ ti ìwé ara ògiri fún un, ó sọ ti ìgbálẹ̀, ó sọ ti ìbéèrè tó ṣẹ́kù sílẹ̀. Ó ní, “Mo bá yín rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé èmi lẹ̀rín náà.” Ó gbé Tuvo lé orí tábìlì, ó yí padà, ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, Àǹtí Yéwándé wọlé, ó ní ọkùnrin gígùn kan wà nísàlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pe ìrun alásàárì, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì ń ba òun.

Mùráínà ni. Páálí Rexa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nà án sí Kàfáyàt.

“Mo lọ sí Silicon Oasis láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ fún màdáámù ibẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi yín. Mo ní èmi tí mi ò ní fóònù gidi rí láyé mi ni mo yan fóònù fún yín, nítorí pé mo fẹ́ kí ẹ rẹ́rìn-ín.”

“Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní kí ni mo jẹ́ sí yín. Mo ní mi ò tíì jẹ́ nǹkan kan. Wọ́n ní kí ẹ fẹsẹ̀ ara yín wá lọ́jọ́rú.”

Kàfáyàt ń retí àfikún, bóyá ó máa ní ẹyẹ ló gbé òun débẹ̀. Kò fi nǹkan kan kún un. Ó bi í pé Tuvo ńkọ́.

“Ó wà lọ́wọ́ mi. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, wákàtí méjìlá ni mo fi ń jókòó níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá mi dù ú.”

Ìgbà yẹn ló yé Kàfáyàt pé Tuvo kò burú. Ọwọ́ tó bọ́ sí ni kò bá a mu. Ó gba Rexa, ó ní, “Wọlé wá mu omi, o ti pẹ́ lóòrùn.” “O” náà ti padà wá, Mùráínà sì mọ̀.

Lọ́jọ́rú, wọ́n tún bi Kàfáyàt ní ìbéèrè yẹn. Ó ní òun máa jẹ́ kí oníbàárà náà bínú tán, lẹ́yìn náà òun á sọ òtítọ́ fún un. Wọ́n gbà á síṣẹ́.

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ń rí ara wọn. Irọ́ Mùráínà padà wá díẹ̀díẹ̀, bí irun tó ń hù. Kàfáyàt ò kọ̀ ọ́, àmọ́ ó ṣòfin fún un: tí irọ́ bá fẹ́ jáde, kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan etí. Mùráínà pa á mọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò létí láti Rolla títí dé Union.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó sí etí omi Buhaira ní Sharjah. Mùráínà ní, “Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, Kàfáyàt.”

Kàfáyàt ò wo ojú rẹ̀. Etí ló wò. Ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún.

“Ó dáa,” ni Kàfáyàt wí. “Jẹ́ ká pe Bàbá mi.”

Bàbá rẹ̀ ń ta màlúù ní Ìsẹ́yìn, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Rexa gbé ojú rẹ̀ wá kedere. Bàbá béèrè iṣẹ́ tí ọmọkùnrin náà ń ṣe, Mùráínà dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú fóònù, ó ní ẹ̀ṣọ́ géètì ni òun, Bàbá. Ó béèrè ilé bàbá rẹ̀, Mùráínà sọ ọ́. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bàbá ní ó dáa, òun gbọ́, kí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wá rí òun nílé. Ayọ̀ bá gbé Mùráínà.

“Bàbá, ẹ má mikàn o. Ràkúnmí kan sá lánàá, èmi ni mo gbé e kọ́ èjìká láti inú aṣálẹ̀, ó ń sunkún, mò ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo so ó mọ́ igi tó wà lẹ́yìn mi yìí.”

Ọwọ́ rẹ̀ dé etí, àmọ́ ó ti pẹ́.

Bàbá sún mọ́ fóònù. “Kàfáyàt, yí fóònù yẹn sẹ́yìn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ rí ràkúnmí.”

Kàfáyàt yí i. Igi wà níbẹ̀, ológbò kan wà nídìí rẹ̀. Mùráínà ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó ń sá lọ létí omi, àwọn èèyàn ń yà fún un.

“Ṣé ọkọ ẹ ló ń sá lọ yẹn?”

“Òun ni, Bàbá.”

“Sọ fún un kó mú ràkúnmí náà dání wá sí ìdána.”

Kàfáyàt pariwo rẹ̀ sí i láti ibẹ̀. Mùráínà gbọ́. Kò wẹ̀yìn, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, jìnnà sí etí, ó sì ń sá lọ.