Mọ́tò Tó Kú Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Mọ́tò náà kú. Kò jóná, kò forí sọ igi, ẹnikẹ́ni ò sì fọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó kàn dúró lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà Ìyá Àkànkẹ́ ní Ọ̀yọ́, eruku ọyẹ́ bò ó bí ẹ̀lùbọ́, ó sì kú.

Háíbírìdì ni, irú èyí tó ń mu epo, tí wọ́n tún ń ki wáyà bọ̀ nídìí bíi fóònù. Josiah, àkọ́bí Ìyá, ló ni ín. Wọ́n ń tún ògiri ọgbà rẹ̀ mọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun, ló bá gbé mọ́tò wá sí ilé ìyá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje rèé.

"Ìyá, kọ́kọ́rọ́ dà?" ni Josiah béèrè lọ́jọ́ tó padà dé, tí òun àti àbúrò rẹ̀ jọ wá gbé e.

Ìyá yí ẹ̀yìn sí wọn fúngbà díẹ̀, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí Kíkẹ́lọmọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin, pé kó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọyẹ́ ń mú láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo ọwọ́ ló tutù. Kọ́kọ́rọ́ yẹn gbóná bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lábẹ́ adìyẹ.

Josiah tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mọ́tò ò dáhùn. Ó fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú kọ́kọ́rọ́ yọ, ó fi ṣí ilẹ̀kùn bí ẹni ń ṣí àpótí aṣọ. Kò sí iná, kò sí ìró.

"Bátìrì tuntun ni mo fi sí i kí n tó lọ," ni ó wí. "Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Ta ló sì mọ bátìrì tú ládùúgbò yìí bí kò ṣe Kareem?"

Kareem, rìwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní ojúde ilé náà, wà níbẹ̀. Marufat télọ̀, tó háyà yàrá iwájú, wà níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti pé sẹ́nu géètì. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ.

"Kó irinṣẹ́ ẹ kúrò níwájú ilé wa kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ojúde bàbá wa kì í ṣe ti olè," ni Josiah wí.

Ojúde yẹn ni Kareem ti ń jẹun láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹni tí wọ́n bá sì fi orúkọ olè lé kúrò ní Ọ̀yọ́, ta ni yóò tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò fún un?

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni Kíkẹ́lọmọ lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ká má purọ́, òun náà ti dá Kareem lẹ́bi nínú ọkàn rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ ná," ni ó wí.

Ó yí mọ́tò náà ká. Eruku orí búùtù ò fọ́ rárá. Ṣùgbọ́n nídìí dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, níbi tí dígí ti ń ká tó sì ń nà, eruku ti fọ́, ó ṣe kọdọrọ bí oṣù tuntun. Nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, ó rí ojú ihò kéékèèké mẹ́rin àti èèpo ẹ̀gúsí. Ó wò ó, ó kọjá.

"Kareem, ìwọ lo tú bátìrì yìí?"

"Rárá, Àǹtí. Mọ́tò yìí, bátìrì méjì ló ní. Ti ńlá dà bí ọba nínú ààfin, òun ló lágbára. Ti kékeré ni ìlàrí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń jí ọba. Bí ìlàrí bá kú, kí ọba jẹun yó bí ó ti wù ú, kò ní mọ̀ pé àlejò dé."

"Kí ló ń pa ìlàrí?"

"Bí ẹnìkan bá ń jí i lójoojúmọ́ tí kò jẹ́ kó sùn. Ìdúró lásán ò sábà pa bátìrì tuntun ní ọ̀sẹ̀ méje."

"Ta lo rí nídìí mọ́tò?"

Kareem wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ló wolẹ̀. "Mi ò rí àjèjì kankan, Àǹtí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kíkẹ́lọmọ lára bí aṣọ tó há. Ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ ló ń wolẹ̀, ni ó rò. Ó kọjú sí Marufat.

"Ìwọ ńkọ́? Bọ̀dá mi ní àwọn fi wáyà mọ́tò há sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Ta ló yọ ọ́?"

"Èmi ni, mà. Áyọ́ọ̀nù mi ni mo ki bọ̀ ọ́, aṣọ ìyàwó kan ló ń dún mọ̀huru mọ̀huru mọ́ mi. Bó bá jẹ́ ẹni tó jí iná lẹ ń wá, áyọ́ọ̀nù mi ni kẹ́ ẹ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́."

Kareem mi orí. "Kì í ṣe wáyà yẹn. Ọba ló ń bọ́. Lẹ́yìn tí ọba bá ti yó, kò ṣe ìlàrí láǹfààní mọ́."

Kíkẹ́lọmọ yára mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wáyà yẹn ì bá gba Kareem là, bó bá fẹ́ ti ẹ̀ṣẹ̀ sọ́rùn Marufat. Kò tì í.

Ó bi ìyá rẹ̀ níkẹyìn. "Ìyá, níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà láti ọjọ́ yìí?"

"Nínú agolo bísíkíìtì, ní yàrá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n tọ́jú ẹ̀ sí, kí n má mú un sún mọ́ mọ́tò." Ìyá tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀. "Àbẹ̀ní, ṣé ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ò ti wá jìn jù báyìí?"

Kíkẹ́lọmọ rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí mọ́tò. Láti oṣù kẹjọ ni kò ti wá.

Kareem gba inú ìjókòó ẹ̀yìn dé ibi bátìrì kékeré nínú búùtù, tí kò ṣe é ṣí láìsí iná. Kíkẹ́lọmọ ya fọ́tò rẹ̀, ó sì wakọ̀ lọ sí Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ bàbá Gàm̀bàrí tó ta bátìrì náà fún Josiah. Bàbá náà wo fọ́tò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìṣó ni mo fi ń fa ìlà mẹ́ta sí ikùn gbogbo bátìrì tí mo bá tà, kí oníjìbìtì má baà gbé òkú tirẹ̀ wá bá mi. Ìlà mi rèé. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ẹ̀." Ó dá fóònù padà. "Ẹ bi wọ́n níbi tí kọ́kọ́rọ́ ń sùn. Bí kọ́kọ́rọ́ irú mọ́tò yìí bá ń súnmọ́ ọn, yóò máa tanná, yóò máa na dígí ẹ̀gbẹ́, yóò rò pé olówó òun dé. Kì í sùn."

Dígí ẹ̀gbẹ́. Kíkẹ́lọmọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, kò ṣíná. Agolo irin, nínú yàrá ẹ̀yìn, nínú ọyẹ́. Báwo ni kọ́kọ́rọ́ ṣe gbóná?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Ìyá rẹ̀ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lórí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Kíkẹ́lọmọ kúnlẹ̀ kí i, kò sì dìde.

"Ìyá, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò ni àpótí yìí máa ń wà. Mo rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ àti èèpo ẹ̀gúsí. Kọ́kọ́rọ́ ò sun inú agolo. Ara yín ló wà."

Ọwọ́ Ìyá dúró nínú igbá.

"Etí aṣọ mi ni mo so ó mọ́," ni ó wí. "Ohun tí wọ́n bá fi síni níkàáwọ́, ìyá tó bí mi kọ́ mi pé ara ẹni la ń so ó mọ́, kì í ṣe inú agolo. Mo wá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ó tanná fún mi. Ó na etí ẹ̀ méjèèjì. Mo ní, 'O kú àárọ̀ o.' Mo kúrò, mo padà, ó tún kí mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n má ṣe é. Ó gbé mọ́tò wá, kò tilẹ̀ jókòó mumi. Nínú ilé yìí, kí ni mo tún ń súnmọ́ tí ojú ẹ̀ ń tàn?"

Ó ṣẹ́ ẹ̀gúsí kan, ó jù ú sígbá.

"Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó dákẹ́. Mo rò pé ó ń bínú. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ pe Kareem lólè, ẹnu mi wúwo. Àgbà bíi tèmi, kí n jáde wí pé mọ́tò ni mo ń bá tàkúrọ̀sọ. Ojú tì mí, mo wá jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ bá mi ru ú."

Kíkẹ́lọmọ lọ bá Kareem. "O mọ̀."

"Mò ń rí wọn láràárọ̀, Àǹtí. Bí mo bá sọ, ẹ ó ní wọ́n ti ń ṣarán, ẹ ó sì wá kó wọn lọ sílé onílé. Ó sàn kẹ́ ẹ pè mí lólè."

Kíkẹ́lọmọ ò rí ibi tó lè gbé ojú sí. Ó ní kí àwọn parí ọ̀rọ̀ náà sínú ilé. Ìyá kọ̀.

"Ojúmọmọ ni wọ́n pè é lólè. Ojúmọmọ la ó wẹ̀ ẹ́ mọ́."

Wọ́n pe Josiah, wọ́n pe Marufat, àwọn ará géètì náà padà wá. Ìyá ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tó fẹ́ kúnlẹ̀ fún Kareem, Kareem ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀. "Ìyá, ẹ má fi mí bú."

Josiah ṣí fìlà. Ó ń wo bàtà ara rẹ̀. "Kareem, forí jì mí," ni ó wí jẹ́jẹ́.

"Àwọn ará géètì ò gbọ́," ni Ìyá wí.

Josiah kọjú sí géètì, ó tún un sọ sókè.

Kareem gbé bátìrì tirẹ̀ wá, ó fi wáyà so ó mọ́ ìlàrí tó kú. Kò pẹ́ púpọ̀. Mọ́tò náà tanná, ó na dígí rẹ̀ méjèèjì sí Ìyá, tó di kọ́kọ́rọ́ tí Josiah ti dá padà fún un mú. Ìyá yí ojú kúrò bí ẹni tí wọ́n kí lójú ọjà tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ó na kọ́kọ́rọ́ sí Kíkẹ́lọmọ. Ó ṣì gbóná.

"Àbẹ̀ní, ìgbà wo lo tún ń bọ̀?"

Ọdún mọ́kànlá ni Kíkẹ́lọmọ ti fi ń bi àwọn ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀, tó sì ń dúró títí wọn yóò fi dáhùn. Ó wo ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wolẹ̀.