Ẹlẹ́kọ́kọ́rọ́ àti Alàyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀

Obìnrin ẹlẹ́kọ́kọ́rọ́ kan kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn, ó fi eyín di kọ́kọ́rọ́ mú, idẹ róbótó kan ń dán lọ́wọ́ rẹ̀, ihò sì wà lára ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin alàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ibi oúnjẹ ọ̀sán bọ̀ dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ilẹ̀kùn mi ṣe tí ẹ fi tú ìfun rẹ̀ síta?"

Ẹ̀rín pa obìnrin náà, kọ́kọ́rọ́ já bọ́. "Mò ń pààrọ̀ inú lọ́ọ̀kì ni. Kọ́kọ́rọ́ yín á ṣí yàrá yìí nìkan. Ti ọ̀gá yín á ṣí gbogbo ilé ìwòsàn."

"Tiyín ńkọ́?"

"Tèmi ló ń yọ inú gbogbo lọ́ọ̀kì jáde."

"Ẹ̀rù yín bà mí o, Ìyá Kọ́kọ́rọ́!"

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: kó ṣètò eyín gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé ńlá, kí tẹnìkan má ṣèèṣì ṣí tẹlòmíràn. Kó tó débi ìdajì iṣẹ́ náà, àwọn méjèèjì ò lè jẹun láìrí ara wọn mọ́.

Nígbà tọ́rọ̀ dórí ìgbéyàwó, ọkùnrin náà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì wò fúnra rẹ̀. Ó tún un yẹ̀ wò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àyànfẹ́ mi, AS ni mí. AS nìwọ náà. A lè bí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde."

Fòníkú-fọ̀ladìde ló pa àbúrò obìnrin náà. Òun ló máa ń fomi gbígbóná ra á lẹ́sẹ̀ bó bá ń ké.

Ìyá obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀. "Mo ti gbé òkú ọmọ kan. Mi ò ní í gbé ti ọmọ-ọmọ."

Wọ́n túká. Nọ́ńbà kọ́kọ́rọ́ wá ń dà rú mọ́ obìnrin náà lójú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ yàrá òògùn ṣí yàrá òkú. Ibẹ̀ ló dì mọ́ ilẹ̀kùn tó ń sunkún, níbẹ̀ lọkùnrin náà bá a.

"Jẹ́ ká fẹ́ra wa, ká má bímọ," ọkùnrin náà wí.

"Wàá kábàámọ̀."

"Bóyá. Mo kúkú ti ń kábàámọ̀ báyìí, o ò sì sí níbẹ̀."

Wọ́n jọ lọ bá ìyá. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi ìborùn bojú.

"Ta ló máa wá pè mí ní ìyá àgbà?"

Ìyá sọ ìborùn náà kalẹ̀. Ó nawọ́ sí ọkùnrin náà. "Sún mọ́ mi, ọmọ mi."

Bó ṣe gbà nìyẹn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sunkún lórí àga kan náà.