Ilẹ̀kùn Tó Tẹ̀ Lára Píjò Alhaji

Ọkùnrin tó ń po ọ̀dà ọkọ̀ tà náà kán ọ̀dà díẹ̀ sórí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀, ó nà án sínú oòrùn, ó di ojú kan bí ọdẹ tó rí ẹtu, ó wá gbé ìdérí ojú ihò epo ọkọ̀ tí Màrdíyyàh mú wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mi orí. Ó fi igi ro ọ̀dà inú agolo, ó kán dúdú bíńtín sí i, ó tún wò ó. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun báláú láàárín ojú tí ọ̀dà oríṣi mẹ́rin ti ta sí.

"Òun nìyí," ló wí. "Àwọ̀ ewé tí oòrùn ti pa fún ọdún gbọọrọ. Ta ni péńtà yín?"

"Èmi ni."

Màrdíyyàh dúró kó fi òun rẹ́rìn-ín. Panẹ́ẹ̀bítà méjì tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Ọ̀fà yìí kan náà. Èkíní ní kó gbé ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Èkejì bi í bóyá kò rí iṣẹ́ obìnrin ṣe ni. Ṣùgbọ́n eléyìí kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Màrdíyyàh ló ń wò, níbi tí sáńpépà ti bó awọ ìka mẹ́ta.

"Ọwọ́ lásán lẹ fi ń ha á. Ẹ máa wé sáńpépà mọ́ igi pẹlẹbẹ. Kí ẹ sì ha á títí irin á fi fojú hàn o. Bí ẹ bá fi ọ̀dà bo ìpẹtà, abẹ́ ọ̀dà náà ni yóò ti máa jẹ ẹ́ lọ. Ẹ ti ra fílà tí ẹ máa fi dí ojú ihò?"

"Fílà! Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú fídíò, fìlà ni mo pè é. Mo ní ṣé orí ọkọ̀ náà ń tutù ni?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pẹ́ ju bó ti yẹ lọ.

"Ràímì lorúkọ mi," ló wí bó ṣe ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára agolo. "Ẹ̀rìn-Ilé ni mo ti ń wá ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Bí nǹkan bá dojú rú, ẹ pè mí."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Màrdíyyàh. Nílé wọn, a kì í dárúkọ ìlú yẹn nídìí oúnjẹ.

Abẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà bàbá rẹ̀, Alhaji Tàjùdéèn, ni Píjò náà wà láti ọdún méjì, láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Alhaji lápá òsì. Láràárọ̀ ni wọ́n ń mú un jáde, á jókòó ti ọkọ̀ náà, á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e bí ẹni gbé ọwọ́ lé ẹṣin. Ṣùgbọ́n ìpẹtà ti jẹ ẹ́ nísàlẹ̀, ejò sì ti ń sá sábẹ́ rẹ̀. Ìyá Màrdíyyàh, Alhaja Asiata, ti bá àwọn oníirin àlòkù sọ ọ́: bí Iléyá bá ti kọjá, kí wọ́n wá gbé e.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Màrdíyyàh sùn dáadáa. Tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlemọ̀nà, ohun kan náà ló ń rò: ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn bá jáde nínú ọgbà, bàbá òun kò ní jáde ní yàrá mọ́. Ìdí nìyí tó fi ra sáńpépà, tó ń wo fídíò lórí fóònù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kò kọ́.

Nígbà tí ojú ihò àkọ́kọ́ tó dí sán kẹ́kẹ́, ó pe Ràímì. Ràímì wá lọ́jọ́ Sátidé. Ó tún wá ní Sátidé kejì, ó tún wá ní ìkẹta.

"Ẹ sinmi díẹ̀, Màdáámù."

"Ta ni Màdáámù? Màrdíyyàh lorúkọ mi."

"Màrdíyyàh, sinmi díẹ̀."

"Hẹ̀n? 'Ẹ' tí ẹ fi ń bá mi sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"Mo ti fi sáńpépà ha á kúrò."

Màrdíyyàh yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí i bí inú òun ṣe dùn tó. Alhaji náà fẹ́ràn ọmọkùnrin yìí. Ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà àìsàn, ṣùgbọ́n Ràímì a máa dúró títí yóò fi sọ ọ́ tán, kì í gba ọ̀rọ̀ náà parí mọ́ ọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ tí Ràímì gbé òòlù sún mọ́ ilẹ̀kùn iwájú lápá ọ̀tún, níbi tí irin ti tẹ̀ wọnú bí àwo ọbẹ̀, Alhaji kígbe.

"Ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn!"

Ó mí, ó wá sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dìjà láàárín Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé, òun àti Asiata ń ti ọjà bọ̀, òkúta ńlá kan fò jáde láti inú igbó lójú ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé, ó ba ilẹ̀kùn yìí níbi tí Asiata jókòó sí.

"Oyún rẹ ló wà níkùn ìyá rẹ, Màrdíyyàh. Bí kì í bá ṣe irin yìí, o ò bá má sí. Ẹ̀rí ni. Kò sẹ́ni tó máa dí i."

Ràímì rọra gbé òòlù sílẹ̀. Nígbà tí Màrdíyyàh sìn ín dé ẹnu géètì, ojú Ràímì ti pọ́n.

"Bàbá ò mọ ìlú mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ràímì. Ẹ jẹ́ ká kun ọkọ̀ náà tán ná."

"Ìpẹtà lo ní ká fi ọ̀dà bò yẹn."

Láti ọjọ́ náà, àyà Màrdíyyàh kì í balẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ bá ti la ẹnu bá Ràímì sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí irin. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ohun tó ń bẹ̀rù dé.

"Ràímì," ni Alhaji wí, "ọmọ ta ni ọ́? Ilé wo l'Ọ́fà?"

Ràímì wo Màrdíyyàh. Màrdíyyàh mi orí fẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ràímì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi kì í ṣe ọmọ Ọ̀fà. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé ni mí. Mo sì fẹ́ràn ọmọ yín."

Alhaji kò bú u. Ó kàn ní kí wọ́n mú òun wọlé. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti wí pé, "Kó má wá mọ́." Kò jẹun lọ́jọ́ náà, kò sì jáde wá jókòó ti ọkọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Màrdíyyàh fi ìbínú dá iṣẹ́ náà ṣe. Òjò ti ṣú, ara irin ṣì tutù, òun sì fọ́n ọ̀dà lé e. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀dà náà ti hun bí awọ orí mílíìkì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló mú sáńpépà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá láìsí ìpè kan. Bí ó bá gbé fóònù, á tún gbé e sílẹ̀. Ṣé Ràímì ti gba kámú ni? Ṣé òun gan-an ló lé e?

Lọ́jọ́ kọkànlá, obìnrin àgbà kan ti ilẹ̀kùn géètì wọlé. Ó múra dáadáa, pọ́ọ̀sì rẹ̀ sì wà lábíyá.

"Èmi ni ìyá Ràímì," ló wí. "Ọgbọ̀n ọdún nìyí tí mo ti wọ Ọ̀fà gbẹ̀yìn. Alhaji ni mo fẹ́ rí."

Alhaja Asiata dìde, kò mọ bóyá kí òun fún un ní àga ni tàbí kí òun lé e. Níkẹyìn ó gbé àga. Wọ́n mú Alhaji jáde. Màrdíyyàh dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Alhaji, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ òkúta yín," ni obìnrin náà wí. "Ọdún yẹn náà ni wọ́n dáná sun abà wa. Ọkọ mi kò fẹsẹ̀ tẹ ìlú yìí mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí Ràímì ní òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù níbí, mo sunkún. Èmi ò mọ ẹni tó ju òkúta sí yín. Ẹ̀yin náà ò mọ ẹni tó ṣáná sí abà wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ méjì yìí, a mọ̀ wọ́n."

Alhaji gbójú sókè wò ó.

"Kí ló wà nínú abà náà?" ló bèèrè.

"Iṣu. Gbogbo iṣu ọdún náà, àti ti gbígbìn."

"Àti ti gbígbìn." Alhaji mi orí. "Ó mà ṣe o. Kí lẹ wá jẹ lọ́dún náà?"

"Ohun tá a bá rí, sà."

Alhaji fi ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nu ojú rẹ̀. "Ràímì dà?"

Ẹ̀yìn géètì ló wà, lórí ọ̀kadà tó fi gbé ìyá rẹ̀ wá. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀.

"Wọlé," ni Alhaji wí. "Mú òòlù. Tún ilẹ̀kùn yìí ṣe fún mi. Àgbàlagbà méjì ti ru ẹrù yìí tó."

Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi ṣe é. Màrdíyyàh di igi mú níwájú, Ràímì ń rọra lù ú láti inú. Wọ́n dí i, wọ́n ha á, wọ́n dúró kí oòrùn yọ dáadáa kí wọ́n tó fọ́n ọ̀dà. Ẹ̀rù ń ba Màrdíyyàh títí ó fi gbẹ. Nígbà tí Alhaji fi ọwọ́ pa ara ilẹ̀kùn náà, ó dijú, ọwọ́ rẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ bọ̀.

"Ibo ló tẹ̀ tẹ́lẹ̀?" ló bèèrè.

Ìyá Màrdíyyàh ló tẹ àwọn oníirin àlòkù láago pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá, ó sì pe mẹkáníìkì kó wá tún ẹ̀rọ ọkọ̀ náà ṣe.

Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, Alhaji ní kí wọ́n gbé òun sínú Píjò, kí wọ́n lọ kí ìyá Ràímì nílé rẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá ìyàwó lẹ fẹ́ kọ́kọ́ lọ sílé ọkọ?" ni Alhaja Asiata fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹni tó bá kí ni, à á kí i padà. Màrdíyyàh, ìwọ ni kó o wà á."

Wọ́n gba ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé. Màrdíyyàh di ìdarí ọkọ̀ mú gírígírí, gbogbo igbó tó bá kọjá ló ń wò. Kò sí nǹkan kan tó jáde níbẹ̀ bí kò ṣe ewúrẹ́. Nígbà tí wọ́n dé, ìyá Ràímì ti ń dúró níta, ó sì mú Alhaji lápá wọlé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀.

Ràímì àti Màrdíyyàh nìkan ló kù níta.

"Màrdíyyàh mi, ṣé o máa fẹ́ mi?"

Láti inú ilé, Màrdíyyàh ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, àwọn ará ilé náà sì ń dúró kó sọ ọ́ tán.

"Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́ ni ẹ̀rù ti ń bà mí," ló wí. "Ẹ̀rù ìlú rẹ, ẹ̀rù ìlú mi, ẹ̀rù ohun tí ọ̀la máa mú wá. Kò tíì lọ, Ràímì. Mi ò sì lè ṣèlérí pé ó máa lọ."

"Mo mọ̀. Ó ń ba èmi náà."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, màá fẹ́ ọ. Ká jọ máa bẹ̀rù."

Ó na ọwọ́ sí i, ọwọ́ tí ìka mẹ́ta rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná, Ràímì dì í mú, wọ́n sì jọ wọlé lọ kí àwọn àgbà.