Èédú Tí Liyao Fi Kún Iná

Ìyá àgbà kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó ń tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Liyao, ọmọ ọmọ rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́.

"Ọwọ́ arúgbó mi yìí ni," ni ìyá àgbà ń wí. "Èédú tí mo kó síná kí n tó rẹjú lánàá ti pọ̀ jù. Bí mo bá ti ń gbàgbé nǹkan báyìí, n kò ní sin kòkòrò sílíìkì mọ́."

Liyao mọ ẹni tó kó èédú. Lánàá ni àwọn kòkòrò náà ń fi òwú ẹnu wọn hun ilé yí ara wọn ká. Bí àsìkò yìí bá dé ládùúgbò wọn, ìlẹ̀kùn á wà ní títì, àlejò kì í yà, iná tó rọra ni wọ́n ń dá sábẹ́ àtẹ àwọn kòkòrò. Ìyá àgbà ní kí Liyao máa ṣọ́ iná kí òun lè rẹjú díẹ̀. Ni Peishan, ọmọ kíláàsì rẹ̀, bá yọjú lójú fèrèsé pé wọ́n ń lọ wo eré-ìje ọkọ̀ lórí adágún. Liyao ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun.

"Ìyá ìdin, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ," ni Peishan wí. "Ṣé wọ́n tíì mu ọmú?"

Ọ̀rọ̀ náà ta á lára. Ó rò ó pé bí ooru bá pọ̀, àwọn kòkòrò á tètè hun ilé wọn tán. Ó da èédú síná, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di etí adágún. Ìgbà tó fi dé, òwú ti já lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò náà, wọ́n ti gbẹ.

Liyao kúnlẹ̀. "Ìyá àgbà, èmi ni. Mo fẹ́ kí wọ́n yára ni."

Ìyá àgbà yíjú sí i. "O sì ń wò mí tí mo ń bú ara mi láti àárọ̀?"

Ìbéèrè yìí dun Liyao ju ẹgba lọ.

"O máa ń bi mí pé kí ni Ọ̀nà tí à ń dárúkọ nínú àdúrà," ni ìyá àgbà wí. "Omi ń wá ibi tó rẹlẹ̀ láìsí ẹni tó tì í. Kòkòrò mọ òwú ún hun, kò lọ sílé ìwé. Ohun tó ń darí wọn yẹn ni Ọ̀nà. Ẹni tó bá ń tì í, ọ̀tá ara rẹ̀ ni."

"Ṣé kí n kàn káwọ́ gbera ni?"

"Ṣé mo ní kí o sùn ni? Mo ní kí o máa ṣọ́ ọ."

Liyao ṣa òkú kòkòrò títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń rùn. Ní kọ̀rọ̀ àtẹ, ó bá ọ̀kan tó ṣì ń fi orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó ń hun díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ń yún un láti tún un gbé dáadáa. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó jókòó tì í.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bó bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn wa bá wa ru ẹ̀bi rẹ̀ kí a tó jẹ́wọ́.