Ẹkún Ọjọ́ Mẹ́ta

Tíṣà ìṣirò ju ìwé ìdánwò mi sórí tábìlì lójú gbogbo kíláàsì. "Ọmọ ọba, orúkọ rẹ nìkan lo kọ. Ṣé ààfin ló máa bá ọ ṣe ìyókù?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi, ọba ìlú wa, ti kú láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n nílẹ̀ Venda, ní Gúúsù Áfíríkà níhìn-ín, a kì í sọ pé ọba kú, a kì í sì í sunkún rẹ̀, àfi tí Makhadzi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, bá ti fa ọba tuntun lọ́wọ́ wọ ilé ńlá. Ó ti yan Aluwani ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó wà ní yunifásítì. Ọjọ́ Ẹtì ló ń bọ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta péré," Makhadzi ti bẹ̀ mí. "Pa ẹnu mọ́, ọmọ mi."

Ó sú mi. Ta ló ń ṣe irú òfin báyìí fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú?

Nígbà ìsinmi, Phathu ọ̀rẹ́ mi jókòó tì mí. "Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an? Ṣé èmi náà lo ń fi pamọ́ fún?"

Mo mọ̀ pé ìyá Phathu ló ń dáná fún Nndwakhulu, àbúrò bàbá mi tó ti pẹ́ tó ń wá ipò ọba. Mo mọ̀ dáadáa. Síbẹ̀, mo sọ fún un pé bàbá mi ti kú àti pé Aluwani ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì sunkún títí aago fi lù. Ara tù mí.

Ní Ọjọ́bọ̀, Nndwakhulu àtàwọn àgbà kan wọ ilé ńlá, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Nígbà tí Makhadzi mú Aluwani dé lọ́jọ́ kejì, Nndwakhulu yọ orí lójú fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀. Ẹ mà pẹ́ o."

Mo jẹ́wọ́ fún Makhadzi. Kò nà mí. "Ẹyin lohùn," ló kàn sọ, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹjọ́ ti wà ní kóòtù fún ọdún mẹ́rin báyìí. Aluwani ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó ń bá wọn tún ọkọ̀ ṣe. Ẹni méjì ló ń pe ara rẹ̀ ní ọba, torí náà kò tíì sí ọba tuntun, a kò sì lè kéde ikú bàbá mi. Gbogbo ìlú mọ̀, ẹnu kò gbọdọ̀ sọ ọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àṣírí tí kì í ṣe tiyín nìkan, ẹ má tú u nítorí kí ọkàn yín lè fúyẹ́. Ọ̀sán kan ni mo fi sunkún tèmi. Ìyá mi kò tíì rí àyè wọ aṣọ opó títí di òní.