Wáyà Kan, Ihò Méjì

Ọdún mọ́kànlá ti kọjá tí wọ́n ti lé Agbeko kúrò ní ilé àyẹ̀wò àìsàn tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ nílùú Ho ní Ghana, kò sì gbàgbé ohunkóhun nípa ọjọ́ náà. Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ kú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Agbeko wá ìdí rẹ̀ títí ó fi rí wáyà kan tí orí rẹ̀ méjèèjì wà nínú súwíìṣì kan náà, àpótí oníhò tí gbogbo wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń pàdé. Ó yọ ọ́, íńtánẹ́ẹ̀tì padà dé.

"Ẹnì kan ló tì í bọ ibẹ̀," ni ó wí.

Selasi, àbúrò rẹ̀ tó ti yunifásítì dé, tó máa ń pè é ní Efo, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, rẹ́rìn-ín. "Papa, wáyà kékeré báyìí ò lè pa odidi ilé iṣẹ́. Efo ló bà á jẹ́. Ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì karùn-ún, kí ló mọ̀ nípa súwíìṣì?"

Bàbá gba Selasi gbọ́, ó lé Agbeko. Agbeko kó irin iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ibùdókọ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń wọ inú súwíìṣì náà fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ìwé wọn lọ wá a rí.

Ní ọjọ́ Ajé kan báyìí, bàbá ti kú, Selasi sì ni ọ̀gá. Ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni wọ́n ń lò: ọ̀kan gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé, ọ̀kan ti òpó ilé iṣẹ́ fóònù wá, ẹ̀kẹta ti àwo orí òrùlé. Ihò kan ṣoṣo ni rọ́tà wọn, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì, ní fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí nìyẹn tí Agbeko fi kọ́kọ́ kó wọn sínú súwíìṣì kan. Selasi máa ń yangàn pé bí méjì bá kú, ọ̀kan á ṣẹ́kù.

Àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá. Selasi wọ yàrá ẹ̀rọ láti palẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Ó rí wáyà funfun kan, orí rẹ̀ kan wà nínú súwíìṣì, èkejì ń fì nílẹ̀.

"Èyí ń fì bí ìrù eku." Ó tì í bọ ihò kan tó ṣófo lára súwíìṣì náà, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Kò pẹ́ tí Esinam, obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí àwọn aláìsàn, fi pariwo. "Ọ̀gá! Íńtánẹ́ẹ̀tì ti lọ o!"

"Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Gbogbo ẹ̀ ni!"

Ibi tí Selasi ti ń pa rọ́tà, tó ń tan án, ni táksí kan ti wọ ọgbà. Dada Ablavi, ìyá rẹ̀, ni wọ́n gbé sílẹ̀. Ó ń po ìyẹ̀fun abolo, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń fi ooru sè, lọ́wọ́ nígbà tó ṣubú. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ń mì dirodiro.

Esinam ya àwòrán orí rẹ̀ kíá. Ṣùgbọ́n Accra ni dókítà tó ń ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà. Dátà fóònù kò lè gbé ojúlówó àwòrán, nítorí náà Selasi fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà, ó fi ránṣẹ́. Dókítà pè é padà tìbínú-tìbínú.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n pa ìyá yín ni? Bí iṣan ọpọlọ bá dí, oògùn wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì. Bó bá jẹ́ pé iṣan ló bẹ́, oògùn yẹn gan-an ni yóò pa á. Fọ́tò fóònù ò lè fi èyí tó jẹ́ hàn mí. Ẹ fi ojúlówó àwòrán ránṣẹ́! Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ péré la ní láti ìgbà tó ṣubú, ọpọlọ rẹ̀ sì ń kú díẹ̀díẹ̀."

Selasi pe ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. "Tiwa ń ṣiṣẹ́." Ó pe ìkejì. "Tiwa ń ṣiṣẹ́." Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

"Ẹ pe Efo Agbeko," ni Esinam wí.

"Kò níí wá."

"Ìyá tó bí i náà nìyí!"

Agbeko wá. Kò kí àbúrò rẹ̀. "Kí lo fọwọ́ kàn láàárọ̀ yìí?"

"A ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Ìwọ ni mò ń bi. Ta ló ń jẹ́ 'a'?"

"Mo ní mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan, Efo!"

Agbeko so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ súwíìṣì. Ihò méjìdínláàádọ́ta, kò sí àmì kan lára èyíkéyìí, gbogbo iná wọn sì ń ṣẹ́jú pọ̀ bí ẹni tí gìrì mú. Ó ń tọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogún ìṣẹ́jú lọ.

"Ṣé ọ̀rọ̀ aṣínà ni kò gbà?" Esinam béèrè.

"Ó gbà. Òótọ́ ni kò sí níbí."

"Báwo ni ọ̀nà mẹ́ta ṣe lè kú lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Rò ó bí ọkọ̀ kan tó kó ẹrù oníṣòwò mẹ́ta. Wọ́n ti fi ẹfun sàmì sí àpò kọ̀ọ̀kan, kí ẹrù má baà dàpọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní VLAN nìyẹn: wáyà kan, àmì mẹ́ta, rọ́tà á sì máa wo àmì mọ ọ̀nà tí ẹrù ti wá. Bí oníṣòwò kan ò bá wá, méjì á ṣì máa tà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ bá dànù ńkọ́?"

Láti yàrá kejì ni ohùn Dada ti ń wá. "Se... Se..." Kò lè pe orúkọ ọmọ rẹ̀ tán.

Selasi nawọ́ sí súwíìṣì. "Wáyà funfun. Ó ń fì nílẹ̀. Mo tì í bọ ihò."

Agbeko yọ ọ́. Iná súwíìṣì rọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú méjì kò pé tí àwòrán fi dé Accra.

"Ohun tó bá gba orí wáyà kan jáde ń gba èkejì wọlé," Agbeko sọ fún Esinam, kò wo Selasi. "Á máa pọ̀ sí i, á máa yí po, títí á fi fún gbogbo ọ̀nà pa."

Iṣan ló dí. Wọ́n rí oògùn fún un kí àkókò tó tán, ṣùgbọ́n odidi wákàtí kan ti ṣòfò. Dada Ablavi yè. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tún po abolo mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ́fíìsì, ẹ lẹ àmì mọ́ gbogbo ihò àti gbogbo wáyà. Ẹ ya bí wọ́n ṣe so pọ̀ sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ààbò kan wà nínú súwíìṣì tó ń ti ihò pa bí wáyà bá yí po. Ẹ ní kí oníṣẹ́ yín tàn án. Agbeko mọ̀ nípa rẹ̀, ìbínú ni kò jẹ́ kó padà wá tàn án, ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Kí ẹ sì fi ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ tí kò gba inú súwíìṣì náà kọjá. Bí ẹ bá fọwọ́ kan nǹkan, tó sì bàjẹ́, ẹ tètè sọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, àwọn ọmọ méjèèjì jókòó ti ìyá wọn. Agbeko ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Selasi kò lè jókòó jẹ́ẹ́.

"Dada," ni ó wí, "èmi náà ni mo ti wáyà bọ ihò lọ́dún yẹn. Efo ò ṣe nǹkan kan. Mo purọ́ fún Papa pé wáyà kékeré ò lè ṣe é, mo sọ ọ́ títí èmi náà fi gbà á gbọ́. Ká ní mo jẹ́wọ́ nígbà yẹn ni, mi ò ní tún fọwọ́ kàn án láé."